Ṣé Ẹ Ti Kà Wọ́n?

Iṣẹ́ tí Ìyá Ìwé ń ṣe kò gba agbára. Ojú àti ẹnu ló gbà. Láàárọ̀, bí àwọn alábàárù bá ń wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ, á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn irin pẹ̀lú rẹ́jísítà lọ́wọ́, á ka orúkọ, olórúkọ á dáhùn, á fi bírò fa ìlà kan. Bí wọ́n bá ń jáde, á tún orúkọ kà, wọn á tún dáhùn, á fa ìlà kejì kó dábùú èkíní. Ẹni tí ìlà méjì bá wà níwájú orúkọ rẹ̀ ti jáde. Ẹni tí ìlà kan bá wà níwájú orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fa ìlà bẹ́ẹ̀, títí àwọn alábàárù fi gbàgbé orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìwé. Kò kúkú bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ìwé. Kò tilẹ̀ bímọ rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá alábàárù jà lórí orúkọ?

Àgbàdo ló kún ilé náà, àpò lórí àpò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Kòkòrò sì fẹ́ràn àgbàdo ju bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn afínkòkòrò á wá. Wọn á fi tapólì bo àwọn àpò náà, wọn á to oògùn sábẹ́ rẹ̀ nínú abọ́ pẹrẹsẹ, gbogbo ènìyàn á jáde, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á fi téèpù lẹ gbogbo àlàfo, wọn á sì lẹ àwòrán agbárí mọ́ ọn. Oògùn náà á di afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, á wà nínú ilé fún ọjọ́ márùn-ún gbáko. Oògùn kò mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe kòkòrò. Ìdí nìyí tí ìlà méjì Ìyá Ìwé fi ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ.

Ẹ wo èdè wa ná. Ohun kan náà tí a ń ṣe sí ìwé là ń ṣe sí orí ènìyàn: à ń kà á. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a kà á sí. Ẹni tí a bá fẹ́ kó jẹ́ ara wa, a kà á mọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ bá burú, á kà wá láyà. Bí a bá ṣẹ̀, wọn á ka ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, ẹ̀mí kan ṣoṣo kọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìwé ń fi jẹun lójoojúmọ́, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan rí, bí ẹja kò ṣe ń ro omi.

Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ́jísítà. Ènìyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló ń wọlé.

Ẹni kejìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Díẹ̀ Díẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni bàbá yìí, ilé-iṣẹ́ sì ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọgọ́ta. Ó ti ń ru àpò níbẹ̀ kí Ọ̀gá Bàtà, ẹni tó ń darí àwọn alábàárù, tó kọ́ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ tí kò lè gbé àpò mọ́, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni, á ní, "Díẹ̀ díẹ̀ ni." Àánú ṣe Ọ̀gá Bàtà.

"Ìyá Ìwé, ẹ má kọ wọ́n sílẹ̀ o," ó sọ fún un nígbà náà. "Bí àwọn ará ọ́fíìsì bá rí i, wọn á lé wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa gbálẹ̀. Àgbàdo tó bá dànù tí wọ́n gbá jọ, kí wọ́n máa kó o lọ sílé fún adìyẹ."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, "ó" ni mò ń lò fún gbogbo wọn kí ọ̀rọ̀ má baà dà rú. Kí àgbà má bínú. Ọ̀gá Bàtà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè fi gbogbo ọjọ́ bú àwọn alábàárù bí ẹni bú ewúrẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan bàbá yẹn, "wọ́n" ni, "ẹ" ni, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ni. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dáadáa ló ti wá.

Báyìí ni bàbá ṣe ń wọlé tí ó ń jáde fún ọdún mẹ́rin láìsí ìlà kankan. Ó máa ń fi Ìyá Ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Á dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, á na ọrùn wo inú ìwé.

"Ìyá Ìwé, ẹ ò tíì kà mí lónìí."

"Bàbá, ẹ ò sí nínú ìwé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, èmi náà ọmọ ẹnìkan ni."

Wọn á rẹ́rìn-ín, bàbá á wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí náà, wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Bàbá di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó ní ìbàdí ń dun òun láti àná, pé tí òun bá rí àpò òfìfo tẹ́, òun á nà á lé e díẹ̀. Ìyá Ìwé ní kó rọra. Ibi tó ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ láàárín àpò ni ẹlòmíràn ti pè é.

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ ti ilé. Oòrùn lọ́jọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Irin ilẹ̀kùn ń jó ọwọ́. Ìyá Ìwé ní ìyá kan nílé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀, aládùúgbò tó ń bá a jókòó tì í sì ti sọ láàárọ̀ pé aago méjì lòun ń jáde, òun kò ní dúró di méjì kọjá ìṣẹ́jú kan. Bí aago méjì ṣe ń súnmọ́, Ìyá Ìwé ń ro ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, tí kò lè lé eṣinṣin. Ó ka orúkọ kíákíá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n dáhùn. Ìlà méjì pé níwájú gbogbo wọn, ó mọ́ rekete. Àwọn alábàárù gba ẹnu géètì jáde, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, ó sì pa ìwé dé.

Ọ̀gá Bàtà wà lẹ́bàá ọkọ̀ àwọn afínkòkòrò, níbi tó tó ogójì ìṣísẹ̀, ó ń fọwọ́ sí ìwé wọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tilé, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi Ìyá Ìwé: "Ṣé ó pé?" Á sì dáhùn pé, "Ó pé, sà." Lọ́jọ́ náà, ó gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo Ìyá Ìwé, ó ní:

"Ìyá Ìwé, ṣé ẹ ti kà wọ́n?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Bó bá jẹ́ alábàárù lásán ni Ọ̀gá Bàtà ń bèèrè, ẹnìkan ṣoṣo, ì bá ní, "Ṣé ẹ ti kà á?" Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń bèèrè, "Ṣé ó pé?" ni, bó ti ń bèèrè rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan ló ń bèèrè, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á láti pe bàbá náà ní "á". Ó bọ̀wọ̀ fún un. Ó ní "wọ́n". "Wọ́n" yìí ni à ń lò fún ẹnìkan tó jù wá lọ, òun náà là ń lò fún ọgbọ̀n ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé Ọ̀gá Bàtà yájú sí àgbàlagbà lọ́jọ́ náà, bàbá náà ì bá wà láàyè.

Ìyá Ìwé gbọ́ ọ. Ìbéèrè náà ṣàjèjì sí i létí. Nǹkan kan mì nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jáde nílé tó ń rò pé òun gbàgbé iná. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kan òkùnkùn inú ilé, ó rí bí ọ̀nà àárín àpò ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti kà wọ́n, sà," ó dáhùn.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ méjì. Wọ́n lẹ téèpù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí iṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n Ìyá Ìwé wá tún àwọn ìwé tò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu géètì. Obìnrin kan ń dúró dè é níbẹ̀. Obìnrin náà ti dàgbà, ó wọ sálúbàtà méjì tí kò jọra, ó hàn pé inú òkùnkùn ló ti wọ̀ wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú. Bàbá tó ń gbálẹ̀ níbí, èmi ni ìyàwó wọn. Wọn ò délé lánàá. Mo ní bóyá ẹ fi iṣẹ́ dá wọn dúró."

Ọ̀rọ̀ náà ka Ìyá Ìwé láyà débi pé kò lè kí obìnrin náà padà. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń sáré lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Bàtà. Obìnrin tí kò sáré láti ọdún wo.

Ọ̀gá Bàtà ń mu tíì. Bó ṣe gbọ́, ó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ife náà lè fọ́ bó bá mí sí i.

"Mo bi yín," ó ní. "Mo bi yín, ẹ ní ẹ ti kà wọ́n."

"Àwọn alábàárù lẹ bi mí, sà."

"Bàbá ni mo bi yín! Àbí kí n wá pe ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ní 'á'? Kí n ní 'ṣé ẹ ti kà á'?"

Wọ́n pe àwọn afínkòkòrò. Àwọn yẹn wọ ìbòjú onírọ́bà, wọ́n ya téèpù, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Wọn kò tíì wọ inú ilé lọ jìnnà tí wọ́n fi rí bàbá. Bàbá náà wà ní ìṣísẹ̀ méjì sí ilẹ̀kùn, ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nà síwájú. Àpò òfìfo tó sùn lé lẹ́yìn òkìtì tó kẹ́yìn, níbi tí tapólì ti bo igun ilé, ṣì ní ibi tí ara rẹ̀ tẹ̀. Ó ti jí. Ó ti rìn. Ó ti kan ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó wà nínú àgbàlá láti gbọ́ ọ, nítorí gbogbo ènìyàn ti jáde pátápátá gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni báàgì ràbà kékeré wà, tó kún fún àgbàdo tó gbá jọ.

Báàgì yẹn ló da ọ̀rọ̀ rú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Máníjà ti dé, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní tó máa ń da èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ tiwa. Ó gba rẹ́jísítà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bàbá náà "kò káùnt". Gẹ̀ẹ́sì pa ohun méjì pọ̀ síbẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún pé a kò ka nǹkan àti fún pé nǹkan ọ̀hún kò já mọ́ nǹkan kan. Máníjà lo ọ̀rọ̀ náà fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì mọ̀.

"Orúkọ rẹ̀ kò sí níbí. Ọgbọ̀n ó lé kan wọlé, ọgbọ̀n ó lé kan jáde," ó ní. "Ìwé yìí pé. Ẹni tó wà nínú ilé tí a kò mọ̀, tí ẹrù wa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Ó yíjú sí Ọ̀gá Bàtà. Ọ̀gá Bàtà wo bàtà rẹ̀.

Ní ọ̀nà àbájáde, Ọ̀gá Bàtà fa Ìyá Ìwé lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìyá Ìwé, ọ̀la la máa lọ síwájú àwọn tó ń ṣèwádìí. Ìwé yín pé. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ba ara yín jẹ́. Èmi náà ní ọmọ mẹ́ta." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn kò tíì wọ̀, ìyàwó Bàbá Díẹ̀ Díẹ̀ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìwé. Àwọn alábàárù ló júwe ilé fún un. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbà láti wọlé.

"Àwọn ará ọ́fíìsì ní kí n wá fọwọ́ sí i pé olè ni ọkọ mi kí wọ́n tó gbé òkú fún mi," ó ní. "Mo ní àwọn ọmọbìnrin méjì nílé ọkọ. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún àna wa? Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní obìnrin kan wà tó máa ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. N kò ní kí ẹ dá wọn padà fún mi. Ẹ ṣáà sọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀," Ìyá Ìwé ní.

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Nígbà tó lọ, Ìyá Ìwé wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: pé ìbéèrè Ọ̀gá Bàtà ṣàjèjì létí òun, pé òun mọ̀, ó kéré tán òun fura, òun sì wo aago. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń nu ẹnu ìyá náà. Màmá náà wo àjà. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde.

"Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé," ó ní, "ta ni yóò máa yí mi padà?"

Màmá rẹ̀ kọjú sí ògiri. Inú bí Ìyá Ìwé, ó fẹ́ kí ìyá òun sọ ohun tí ìyá ń sọ nínú ìtàn, kó ní "Lọ sọ òótọ́, ọmọ mi." Ìyá gidi kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá gidi ń bẹ̀rù kí egbò ìdùbúlẹ̀ má jẹ òun ní ìdí.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, nígbà tí Ìyá Ìwé ń wá aṣọ tí yóò wọ̀, màmá náà pè é.

"Wẹ̀ mí," ó ní. "Wẹ̀ mí dáadáa, kí o sì gé èékánná mi. N kò mọ ìgbà tí wàá dé."

Ó wẹ̀ ẹ́. Ó gé èékánná ọwọ́ méjèèjì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú.

Yàrá ìwádìí náà kéré, fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àga ràbà ni wọ́n tò síbẹ̀. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba, tó wọ awò ojú, ló jókòó sídìí tábìlì. Ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, kò sì kánjú. Ìyàwó Bàbá Díẹ̀ Díẹ̀ wọlé, ó wo gbogbo àga tó ṣófo, ó sì wá jókòó ti Ìyá Ìwé. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí itan. Ọwọ́ náà gbẹ, ó sì gbóná.

Ọ̀gá Bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Mo bi obìnrin yìí pé ṣé ó ti kà wọ́n. Ó ní òun ti kà wọ́n."

"Àwọn wo lẹ ní lọ́kàn?" obìnrin onígíláàsì bèèrè.

"Àwọn òṣìṣẹ́."

"Ọkùnrin tó kú yìí ńkọ́?"

"N kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ìyá Ìwé gbọ́ "ó" náà. Ẹni tí kò lè pe bàbá ní "á" nígbà tó wà láàyè, "ó" ló ń pè é báyìí tó ti kú. Ọ̀gá Bàtà náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, nítorí ó fi ọwọ́ nu ètè, kò sì gbójú sókè mọ́.

Nígbà tó kan Ìyá Ìwé, kò dìde. Obìnrin tó dì í lọ́wọ́ mú kò jẹ́ kó lè dìde. Ibi tó jókòó sí ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin ni bàbá náà fi gbálẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, lójoojúmọ́, ojú òun ni ó ń gbà wọlé. Ó ní Ọ̀gá Bàtà ló bẹ òun pé kí òun má kọ ọ́ sílẹ̀, pé àánú ló mú un ṣe é, kì í ṣe ìkà. Ó ní àgbàdo inú báàgì ni ohun tí bàbá gbá jọ nílẹ̀, pé ohun tí wọ́n gbà á láyè láti máa kó lọ nìyẹn. Olè kọ́.

"Ṣé òótọ́ ni?" obìnrin náà bi Ọ̀gá Bàtà.

Máníjà wú ikọ́. Ọ̀gá Bàtà ní, "Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ bàbá ni mo bi Ìyá Ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó Bàbá Díẹ̀ Díẹ̀ fún ọwọ́ Ìyá Ìwé mọ́ra, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yọ awò rẹ̀, ó nu ojú. Ènìyàn dáadáa ni, ó sì ti rí ọ̀nà tí gbogbo wọn lè gbà jáde.

"Ọ̀gá bèèrè ẹnìkan, ẹ̀yin gbọ́ gbogbo ènìyàn," ó ní. "Àṣìgbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ló tàn yín jẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe kọ ọ́?"

Ó kù kí Ìyá Ìwé mi orí lásán. Yàrá náà ti ń mí padà. Máníjà pàápàá ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Bàbá ti di òṣìṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yóò gbé e lọ sílé, yóò sin ín bí ẹni tó níyì. Ìyá Ìwé yóò padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú láti yí ìyá rẹ̀ padà. Kí ni ó tún kù?

"Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Obìnrin náà dúró.

"'Ṣé ó pé' ni wọ́n máa ń bi mí. Ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ní 'ṣé ẹ ti kà wọ́n'. Ó ta létí mi. Mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí Ọ̀gá máa ń pè ní 'wọ́n'. Bàbá ti sọ fún mi láàárọ̀ pé àwọn á sùn díẹ̀. N kò rí wọn kí wọ́n jáde. Mo wo inú ilé, mo rí i pé ó jìn, aago méjì sì ti lù, ìyá mi wà nílé lóun nìkan. Mo ní bóyá wọ́n ti bá àwọn yòókù jáde. Mo ní bóyá. N kò ṣì í gbọ́. N kò kà wọ́n sí nǹkan kan ní ìṣẹ́jú náà ni."

Bírò ń dún lórí ìwé, obìnrin onígíláàsì ń kọ ọ́, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Díẹ̀ Díẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò já a gbà. Ó rọra yọ ọ́ ni, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì nù ún mọ́ ara aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ pé ọkọ mi kì í ṣe olè," ó ní.

Ó dìde, ó lọ jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Àga tó fi sílẹ̀ ṣófo bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́pàá fi dé.